Ohun Tí Mo Kọ́ Lọ́jọ́ Tí A Fi Wo Fíìmù Ilẹ̀ Òkèèrè ní Kàbà

Lágbègbè wa, ilẹ̀ Okun, ti àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù kan kò ní í rí nǹkan kan mú kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe fíìmù Yorùbá nílé, tọmọdé tàgbà ni yóò pé jọ. Bí ó bá jẹ́ ti òyìnbó, àwọn tó kàwé nìkan ni yóò jókòó tì í, bí ó bá sì jẹ́ ti Íńdíà tàbí ti Ṣáínà, ijó àti ìjà nìkan ni a máa ń dúró wò, tí a ó sì dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo lò ní Kàbà lásìkò ọyẹ́, tí mo wo fíìmù mẹ́rin láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá, fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí irú rẹ̀ máa wáyé ní gbogbo ìlú wa.

Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Okun kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá àti ní Èkó ló ṣètò rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni ọmọ ilé máa ń wálé, àwọn náà sì wálé, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àríyá ọdún, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí àwọn ará ilé rí ohun tí àwọn ń náwó lọ wò ní ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ibi tí àwọn òṣèré ti ń wọ aṣọ olówó ńlá ya fọ́tò ni à ń pè ní àjọ̀dún fíìmù. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà ni pé kí àwọn tó mọ fíìmù dáadáa ṣe àṣàyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀, kí wọ́n kó wọn jọ síbi kan fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí ènìyàn lè wo mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí àwọn tó wò ó sì jókòó sọ ohun tí wọ́n rí. Ti ìlú Venice ní Ítálì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1932, ló pẹ́ jù lọ. Ti Cannes nílẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Nílẹ̀ Áfíríkà, FESPACO, tí wọ́n ń ṣe ní Ouagadougou ní Burkina Faso, ti wà láti 1969, ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀ sì ni ère Yennenga, ọmọ ọba obìnrin tó gun ẹṣin. Ní 2025, fíìmù My Father's Shadow tí Akinola Davies Jr. darí di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àṣàyàn Cannes gan-an. Àwọn olùṣètò wa sọ ìyẹn fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níjókòó tàn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Gbọ̀ngàn ìpàdé lásán ni wọ́n lò. Wọ́n fi aṣọ dúdú tó nípọn dí gbogbo fèrèsé, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn ilé kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn fíìmù mọ́lẹ̀, wọ́n ta aṣọ funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa sí ara ògiri iwájú, wọ́n sì yá sípíkà tó dára. Nígbà tí wọ́n tan pùròjẹ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ là gbọọrọ kọjá lókè orí wa, eruku ọyẹ́ sì ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé owó sípíkà ju owó pùròjẹ́tọ̀ lọ, mo sì gbà pé wọ́n náwó náà síbi tó yẹ, nítorí ojú lè fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó bá ń ya yóò lé ènìyàn síta kí ìdajì wákàtí tó pé. Wọ́n tún kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí àwọn fíìmù náà, wọ́n sì san ohun tí wọ́n ní kí wọ́n san, kí wọ́n tó gbé wọn jáde fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fi ìyẹn sọ́kàn. Àwa tí a ń ráhùn pé wọ́n ń jí fíìmù Yorùbá wa tà lójú títì kò gbọdọ̀ ṣe ohun kan náà sí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Mo mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi dání lọ. Ìyá Bùnú ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, nítorí pé Bùnú ni wọ́n lọ́kọ sí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ aṣọ hun. Nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le, wọ́n wà lára àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ Bùnú, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àwọn olóyè ńlá. Wọ́n sọ fún mi lójú ọ̀nà pé àwọn ti wo sinimá rí ní kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ gbé kiri, tí wọn yóò ta aṣọ sí gbangba ọjà lálẹ́, tí gbogbo ìlú yóò sì jókòó sórí ẹní. Èrò mi ni láti jókòó tì wọ́n, kí n máa ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ fíìmù, kí n sì máa sọ ọ́ sí wọn létí ní èdè Okun wa.

Fíìmù àkọ́kọ́ wá láti Ìránì. Abbas Kiarostami ló darí rẹ̀ ní 1987, Where Is the Friend's House? sì ni orúkọ tí ó ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ kan kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan pé bí ó bá tún ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ sórí ìwé pélébé dípò inú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, òun yóò lé e kúrò nílé ìwé. Ahmad, tó jókòó tì í ní kíláàsì, dé ilé lọ́jọ́ náà, ó sì rí i pé ìwé ọmọ náà ti bọ́ sínú àpò òun, nítorí pé ìwé àwọn méjèèjì jọra. Ó wá gbéra láti abúlé Koker lọ sí Poshteh, abúlé kejì tó wà lẹ́yìn òkè, láti dá a padà, láìmọ ilé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tó gbiná. Fún ìṣẹ́jú púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá ọmọ náà ń fọ aṣọ nínú àgbàlá, ó ń rán an níṣẹ́, ọmọ náà ń gbìyànjú láti ṣàlàyé, ìyá sì ń dá a lóhùn pé kí ó lọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ lọ nígbà tí Ìyá Bùnú, tí èmi ń pè ní Màmá, gbé ọwọ́ lé apá mi. Wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi. Jẹ́ n wò ó. Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ò gbọ́." Mo dákẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́, tí n kò sì ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, mo rí i pé ọmọ náà kò dúró lójú kan: ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó tún fà á padà, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ń sọ ti wà nínú ẹsẹ̀ náà. Màmá ti rí i kí èmi tó rí i, nítorí pé ojú wọn kò kúrò lókè rárá, nígbà tí ojú tèmi ń lọ sókè, ń bọ̀ sísàlẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹni tó lè kàwé fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ o. Wọ́n ṣe wàhálà láti kọ ọ́, ó sì ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ náà ni pé mo máa ń wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, n óò sì gbé ojú padà sí ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá jókòó sí tún ní ipa tí ó ń kó: ẹni tó bá sún mọ́ iwájú jù ni ọrùn yóò máa ro, ṣùgbọ́n láti àárín gbọ̀ngàn sí ẹ̀yìn díẹ̀, ojú kan náà lè gba àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ láìyí orí.

Apá kan wà nínú fíìmù Ìránì yìí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá àgbà Ahmad jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dá ọmọ náà dúró lójú ọ̀nà, ó ní kí ó lọ mú sìgá wá fún òun nílé, bẹ́ẹ̀ sì ni sìgá wà lápò rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kì í ṣe sìgá ni òun ń wá, ẹ̀kọ́ ìgbọràn ni òun ń kọ́ ọ, àti pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bàbá òun máa ń fún òun ní owó kékeré lọ́sẹ̀, ó sì máa ń na òun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ó lè gbàgbé owó nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ẹgba. Gbọ̀ngàn náà gbóná. Àwọn bàbá kan ní ẹ̀yìn ní òdodo ni ọkùnrin náà sọ, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà, àwọn sì yanjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kùn. Olùkọ́ ni mí, mo sì ti rí irú àwọn ọmọ tó ní ohun pàtàkì láti sọ, tí kò sí àgbàlagbà kan tó dúró gbọ́ ọ, tí a sì kà wọ́n sí aláìgbọràn. Ẹ̀yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì sọ ọ́ síta nígbà tí wọ́n fún mi láyè: ìgbọràn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ tí kò wúlò kí ó lè mọ̀ pé òun ní agbára lórí rẹ̀ ti fi iṣẹ́ gidi tó wà níwájú ọmọ náà ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n tan iná, olùṣètò kan dìde, ó sọ fún wa pé ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè tí Koker wà ní oṣù Kẹfà 1990, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé Kiarostami fúnra rẹ̀ gbéra lọ wá àwọn ọmọ tó ṣeré fún un, ó sì ti ibẹ̀ ṣe fíìmù mìíràn jáde ní 1992. Ìbéèrè tí Màmá bi í ni bóyá àwọn ọmọ náà yè. Ó ní wọ́n yè. Mo rí i pé bí wọ́n bá ti gbé fíìmù kejì sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí, a ó sì ti gbàgbé ọmọ náà kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìjíròrò ẹ̀yìn fíìmù sí ìdajì àjọ̀dún náà.

Fíìmù kejì, Mandabi, kò nílò ìtúmọ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Wolof ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ousmane Sembène ti Sẹ̀nẹ̀gàl ló ṣe é ní 1968. Ibrahima Dieng, ọkùnrin oníyàwó méjì tí kò ríṣẹ́, rí owó gbà láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Paris, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fráǹkì, ṣùgbọ́n ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kò lè gbà á láìní káàdì ìdánimọ̀. Láti gba káàdì, ó nílò ìwé ọjọ́ ìbí. Láti gba ìwé ọjọ́ ìbí, ó gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ó ti ń sáré láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé owó dé, wọ́n sì ti ń wá yáwó. Ní òpin, ìbátan rẹ̀ kan tó kàwé gba owó náà fún un, ó sì jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá ti tò láti òwúrọ̀ nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀, tí wọ́n sì ní kí ó padà wá lọ́la nítorí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú orúkọ rẹ̀, mọ Ibrahima Dieng. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń fi ogun tàbí oyè ọba kan ka ọdún tí wọ́n bí wọn mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo tí wọ́n pa nígbà tí akọ̀wé bi í ní ọjọ́ orí fi hàn pé kò sí ẹni tó ṣì ń ronú pé ilẹ̀ òkèèrè ni òun ń wò. Òǹkọ̀wé ni Sembène kó tó di olùdarí fíìmù. Ó rí i pé àwọn tí òun ń kọ ìwé nípa wọn ní èdè Faransé kò lè kà á, ìyẹn ló mú kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow nígbà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí mo wo Màmá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n sì ń káàánú nínú èémí kan náà, mo mọ̀ pé irú wọn gan-an ni ó ní lọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni a jẹun. Iyán ni wọ́n gún, ó sì dùn, ṣùgbọ́n iyán àti fíìmù gígùn kì í bá ara wọn rẹ́, nítorí nígbà tí a wọlé padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn lọ kí ìdajì fíìmù kẹta tó kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló gùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìṣẹ́jú 136. Ohun tó fúyẹ́ ló yẹ kí ènìyàn jẹ lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì rìn síta díẹ̀ kí ara rẹ̀ tú.

Tokyo Story ni fíìmù kẹta, Yasujiro Ozu ló ṣe é ní Jàpáànù ní 1953. Tọkọtaya àgbàlagbà kan kúrò ní ìlú wọn, Onomichi, wọ́n lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Ọ̀kan jẹ́ dókítà, èkejì ń ṣe irun, ọwọ́ wọn sì dí. Wọn kò bú àwọn òbí wọn, wọn kò fi ebi pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó láyè láti mú wọn jáde, títí tí wọ́n fi dá owó jọ kó wọn lọ sí ilé ìgbafẹ́ kan létí òkun, níbi tí ariwo àwọn ọ̀dọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ìyàwó ọmọ wọn tó kú sógun, Noriko, tí kò ní owó bíi tiwọn, ló gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú wọn rìn kiri ìlú. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ìyá kú.

Ozu gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní, kì í sì í sábà yí i kiri. Ó máa ń jẹ́ kí a wo yàrá lẹ́yìn tí ènìyàn ti jáde níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ó ń falẹ̀, wọ́n mú fóònù wọn jáde, wọ́n sì ní kí wọ́n pa á mọ́. Màmá kò mira. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ti máa ń tẹjú mọ́ òwú nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tó ti já. Ohun tí wọ́n bá mi sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, aṣọ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, bí wọ́n ṣe jókòó jẹun, ọmọbìnrin tó ń ṣe irun béèrè aṣọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ èyí tó wù ú, ó sì ní kí wọ́n kó o fún òun. Màmá ní, "Ojú ẹkún ò tíì gbẹ, ó ti ń ka aṣọ." Wọ́n ti hun aṣọ fún òkú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì ti rí bí àwọn ọmọ ti ń pín ẹrù. Wọ́n ní kò sí ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ àfi bí wọ́n ṣe so aṣọ mọ́ra.

Mo retí pé wọn yóò bínú sí àwọn ọmọ inú fíìmù náà. Wọn kò bínú. Wọ́n sọ fún mi nípa ìgbà tí àwọn fúnra wọn lọ kí ọmọ wọn ní Èkó, tí ọkọ àti ìyàwó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń wọlé lẹ́yìn tí àwọn ti sùn, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń dún nínú yàrá, tí àwọn kò sì mọ aládùúgbò kan tí àwọn lè kí ní "okun", ìkíni ilé wa, kí ó sì dáhùn. Wọ́n ní, "Wọn ò ṣe mí níkà. Àyè ni wọn ò ní." Wọ́n padà sílé kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé wọ́n tètè padà wálé nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wo àwọn ará Jàpáànù wọ̀nyí. Mo fi èyí kún ìdí tí mo fi ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n mú àwọn òbí wọn lọ wo fíìmù tó dára, kí wọ́n sì jókòó tì wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, láìbéèrè ohunkóhun.

Ìmọ̀ kan tó jọ mí lójú nípa fíìmù náà ni pé Chishu Ryu, tó ṣe bàbá arúgbó yẹn, kò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n ṣe é. Ìrìn rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, bí ó ti ń fà sẹ́yìn kó tó dáhùn ọ̀rọ̀, arúgbó gidi ni. Kí àwọn òṣèré wa tó ń lẹ irùngbọ̀n funfun mọ́ àgbọ̀n, tí wọ́n sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, wò ó dáadáa.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé orí fíìmù kẹrin, nítorí náà wọ́n kó aṣọ funfun náà síta, wọ́n ta á sí ara ògiri gbọ̀ngàn, àwọn tí kò wá ní òwúrọ̀ sì rọ́ dé. Yaaba ni orúkọ fíìmù náà, Idrissa Ouédraogo ti Burkina Faso ló ṣe é ní 1989. Ọmọkùnrin kan, Bila, bá ìyá arúgbó kan ṣọ̀rẹ́, Sana, tí gbogbo abúlé ti lé sí ẹ̀yìn ìlú nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni. Nígbà tí Nopoko, ọmọbìnrin ẹbí Bila, ṣàìsàn nítorí ọgbẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣe é, Sana ni wọ́n di ẹ̀bi rù, bẹ́ẹ̀ Sana yìí kan náà ló rin ọ̀nà jíjìn lọ wá oníṣègùn tó wo ọmọ náà sàn.

Kò sí ìjíròrò tó gùn bíi ti èyí. Ẹnìkan kò dárúkọ ẹnìkan, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé nínú àwọn abúlé wa, àwọn obìnrin wà tí ọmọ wọn ti kú tàbí tí wọn kò bímọ, tí ojú wọn pọ́n nítorí èéfín ìdáná tí wọ́n ti fara da fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn ọmọdé sì ń sá fún. Obìnrin kan dìde, ó ní ìyá ọkọ òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pé òun náà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ òun gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọkùnrin kan bi í bóyá ó gbà wí pé kò sí àjẹ́ ni. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, òun ń sọ pé òun kò rí ohun kan lọ́wọ́ obìnrin náà rí àfi ẹ̀wà tó sè fún àwọn ọmọ òun, tí òun sì dà nù. Mo ti gbọ́ ìwàásù àti ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà púpọ̀, láti orí pẹpẹ àti láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, n kò sì rí ibi tí ẹnìkan ti dìde láàárín ọ̀pọ̀ èrò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ouédraogo kò wàásù nínú fíìmù rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí a rí ìyá àgbà náà tí ó ń rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nítorí ọmọ àwọn tó ń sọ ọ́ lókò.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló béèrè ohun tó gba ọkàn mi jù lọ́jọ́ náà. Ó ti gbọ́ pé àwọn ará abúlé ni Kiarostami lò, pé Ouédraogo náà ya fíìmù rẹ̀ ní abúlé kan ní Burkina Faso, ní èdè Mooré tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó ní àwọn òkè tó yí Kàbà ká kò kéré sí ti Ìránì, àpáta Ògìdì wà níbẹ̀, kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ Okun bá fẹ́ ṣeré, ohùn Ọ̀yọ́ tàbí ti Èkó ni ó gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀? Olùṣètò náà sọ òtítọ́ fún un: àwọn tó ń ra fíìmù ń bẹ̀rù pé ọjà rẹ̀ kò ní í tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tó mú kí a lóye Wolof lónìí lè mú kí ará Ìbàdàn lóye Yàgbà, ọ̀kan nínú àwọn ohùn Okun, lọ́la. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tó bá wo fíìmù Ìránì fún wákàtí kan àti ààbọ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kò ní ìdí láti sọ pé èdè Okun yóò le jù fún un.

Láti ìgbà náà ni a ti ń lo ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù lẹ́yìn ilé ìwé láti wo fíìmù kan pọ̀, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ sì ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ti ń fi fóònù ya àwọn ìtàn kéékèèké ní èdè ilé wọn, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo ń fi sí wọn létí jù ni kí wọ́n má yára gé àwòrán, kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn parí ohun tó ń ṣe kí wọ́n tó kúrò lára rẹ̀. Àwọn olùṣètò ti ní àwọn yóò tún gbé àjọ̀dún náà kalẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé fíìmù gígùn sí òwúrọ̀ kí oúnjẹ tó dé, kí wọ́n fi àga ẹlẹ́yìn sí àárín gbọ̀ngàn fún àwọn àgbà, kí wọ́n má sì dá ìjíròrò dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá Bùnú ní kí n fi kún un pé àwọn fẹ́ tún rí ti Jàpáànù yẹn, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, àwọn yóò mú ọmọ àwọn tó wà ní Èkó dání.